Ta Ni Yóò Di Tauno Mú?

Västerås, Sweden
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù Ṣẹ́rẹ́, 1974

Ìyá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú òtútù, ẹ kú àtijọ́. Ṣé ẹ̀yìn kò dùn yín jù? Ṣé Tauno ń jẹun? Ṣé Mansikki ṣì ń fún yín ní wàrà, àbí orí kunkun màlúù yẹn ti tún bẹ̀rẹ̀?

Ìbọ̀sẹ̀ onírun àgùntàn tí ẹ hun ránṣẹ́ ti dé. Ọ̀kan gùn ju èkejì lọ. Mo mọ̀ pé ẹ ń hun ún, ẹ ń dìde, ẹ ń hun ún, ẹ ń dìde. Àwọn ọmọbìnrin tí a jọ ń rán aṣọ nílé iṣẹ́ fi mí rẹ́rìn-ín títí, ṣùgbọ́n nígbà tí iná tó ń mú ilé gbóná kú lọ́jọ́rú, èmi nìkan ni ẹsẹ̀ mi kò tutù.

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá rèé. Rune ní kí n fẹ́ òun, mo sì ti gbà. Ẹ rántí Rune, ará Sweden tó ń ṣiṣẹ́ ní rélùwéè tí mo ti sọ̀rọ̀ rẹ̀ fún yín. Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù Òkúdù la mú. Mo fẹ́ kí ẹ wá. Mo fẹ́ kí ẹ wọ aṣọ búlúù yín yẹn, kí ẹ jókòó níwájú nínú ṣọ́ọ̀ṣì, kí ẹ má sì dìde títí gbogbo rẹ̀ yóò fi parí.

Ṣùgbọ́n ẹ̀yin nìkan ni mo ń pè, Màámi. Mo ti rò ó lọ, mo ti rò ó bọ̀. Tauno àbúrò mi, ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún tí kò lè rìn, tí kò lè sọ̀rọ̀, tí ẹ ṣì ń pààrọ̀ ìlédìí fún bí ọmọ ọwọ́, ta ni yóò gbé e wọ ọkọ̀ ojú omi? Ẹ lọ sí ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀, kí wọ́n bá yín gbà á sí ilé ìtọ́jú fún ọ̀sẹ̀ méjì. Bí ara rẹ̀ bá mọlé níbẹ̀, kó kúkú máa gbé ibẹ̀. Ẹ má bínú sí mi. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá, mo rí ẹ̀yìn yín níbi tí ẹ ti ń wẹ̀. Ó ti tẹ̀ bí ìwọ̀ ẹja. Ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́ta ni yín, ẹ sì dà bí ẹni ọgọ́rin.

Ẹ tètè fèsì.

Ọmọ yín,
Irja


Ruokovaara, Finland
Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n, oṣù Ṣẹ́rẹ́, 1974

Irja ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí Rune rẹ bí mi ò tilẹ̀ tíì fojú kàn án. Ọlọ́run yóò jẹ́ kí ẹ bá ara yín kalẹ́. Yìnyín ti bo fèrèsé ilé màlúù dé ìdajì. Mansikki ti lóyún, orí kunkun rẹ̀ sì ti di méjì. Lempi aládùúgbò wa kí ọ. Ó ní ọkùnrin tó bá mọ ẹja pa ló yẹ ní fífẹ́, ó ń béèrè bóyá Rune mọ̀ ọ́n pa.

Inú mi dùn sí lẹ́tà rẹ, mo sì kà á sókè fún Tauno. Nígbà tí mo pe orúkọ rẹ, ó gbé orí. Nígbà tí mo dé ibi ọ̀rọ̀ ọ́fíìsì, mi ò kà á sókè mọ́.

Jẹ́ kí n sọ bí òwúrọ̀ wa ṣe rí lónìí. Mo nu ìdí rẹ̀, mo pààrọ̀ aṣọ rẹ̀. Kí n tó yíjú, ó tún ti ṣe é, ó sì kàn mí lára dé ìgúnpá. Mo tún un ṣe. Mo se ògì ọkà bálì, mo fi bọ́tà sí i. Ẹnu mẹ́ta ló jẹ, ó gbá àwo, gbogbo rẹ̀ sì dà lé mi lórí. Ọmọ náà wo ògì tó ń ṣàn gba etí mi, ó bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ìsàlẹ̀ ikùn yẹn tí o mọ̀. Èmi náà bú sẹ́rìn-ín. A jókòó síbẹ̀, àwa méjèèjì, a dọ̀tí bí ẹlẹ́dẹ̀. Ta ni yóò bá a rẹ́rìn-ín nílé ìtọ́jú bó bá da ògì lé e lórí?

O ní kí n wá. Ta ni yóò di Tauno mú? Bí gìrì bá gbé e, ta ló mọ̀ pé apá òsì là ń yí i sí? Ẹni tó bí ọmọ ọ̀ràn ní í pọ̀n ọ́n, Irja. Ẹ ṣe ìgbéyàwó yín, ẹ ya fọ́tò, kí ẹ sì wá kí wa nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Màá yan búrẹ́dì oníẹja fún Rune.

Ó ku ohun kan. Kí lo sọ fún Rune nípa àbúrò rẹ? O ò kọ ọ́ síbẹ̀.

Ìyá rẹ


Västerås
Ọjọ́ kẹfà, oṣù Èrèlè, 1974

Ìyá mi,

Mo kí yín. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ka lẹ́tà yín, mo ń wá ibi tí ẹ ti sọ pé ó dùn yín pé ẹ ò ní wá. Mi ò rí i.

Ẹ béèrè ohun tí mo sọ fún Rune. Mo sọ pé ara àbúrò mi kò le. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bó bá tún béèrè, màá yí ọ̀rọ̀ dà. Ẹ lè pè mí ní òpùrọ́.

Ṣé ẹ rántí ọjọ́ ìparí ọdún nílé ìwé, nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mọ́kànlá? Èmi ni tíṣà yàn láti ka ewì. Oṣù kan gbáko ni mo fi kọ́ ọ sórí. Ẹ jókòó sí ìlà kejì, ẹ gbé Tauno lé ẹsẹ̀. Mo ka ìlà mẹ́rin, òórùn bẹ̀rẹ̀ sí í jáde, àwọn èèyàn ń fọwọ́ bo imú, ẹ gbé e, ẹ jáde. Àga òfìfo ni mo ka ìyókù fún. Nígbà tí mo máa fi wá yín kàn, ẹ ti ń fọ aṣọ rẹ̀ létí adágún. Ẹ ò tilẹ̀ bi mí bóyá mo kà á tán. Ọjọ́ yẹn ni mo mọ̀ pé kò sí ọjọ́ kan tó máa jẹ́ tèmi nínú ilé yẹn. Mo rò pé ti ìgbéyàwó mi máa yàtọ̀.

Ẹ̀yin ń pè é ní ìfẹ́. Obìnrin tó ń fọwọ́ ara rẹ̀ gbẹ́ sàréè ara rẹ̀ lèmi ń rí. Ọjọ́ tí ẹ bá ṣubú ńkọ́? Ilé ìtọ́jú ní nọ́ọ̀sì, ó ní dókítà, omi gbígbóná ń jáde láti ara ògiri. Ẹ̀yin ní kànga àti korobá.

Bí ẹ̀yin ò bá lè ṣe é, èmi á ṣe é.

Irja


Ruokovaara
Ọjọ́ kọkànlá, oṣù Ẹrẹ́nà, 1974

Irja,

Ìyáàfin Rautio láti ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ wá sílé mi lọ́jọ́ ẹtì. Mo ń wẹ Tauno lọ́wọ́ nígbà náà, ọṣẹ kún ọwọ́ mi. Ó jókòó sídìí tábìlì láìbọ́ kóòtù.

Ó ní, "Ìyáàfin Keränen, a gbọ́ pé iṣẹ́ yìí ti ju agbára yín lọ."

Mo ní, "Lẹ́nu ta ni?"

Ó ní, "Ẹni tó sún mọ́ yín ni."

Ó yọ ìwé kan nínú àpò. Kò fún mi kà, ṣùgbọ́n mo rí ọwọ́ tó kọ ọ́. Èmi ni mo di ọwọ́ yẹn mú lórí tábìlì yìí kan náà, kí o tó wọ ilé ìwé, tí mo kọ́ ọ bí wọ́n ti ń fa ìrù lẹ́tà gùn. Mo rò pé ilẹ̀ á là kó gbé mi mì níwájú obìnrin náà.

Mo ní, "Ẹ sọ fún ẹni tó sún mọ́ mi pé mi ò tíì kú." Ó fi fọ́ọ̀mù sílẹ̀. Tauno ta omi ìwẹ̀ sí i. Mi ò nù ún.

Wàyí o, jẹ́ kí n sọ ohun tí mi ò sọ fún ọ rí. Ọdún tí bàbá rẹ kú, tí igi gẹdú tẹ̀ ẹ́ rì sínú odò, mo sọ fún ọ pé Tauno lọ lo ọjọ́ díẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn ẹbí bàbá rẹ. Irọ́ ni mo pa. Ilé ìtọ́jú kan lọ́nà jíjìn ni mo gbé e lọ. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni. Ó ti rẹ̀ mí, wọ́n ní kí n fọwọ́ síwèé, mo sì fọwọ́ sí i. Ọjọ́ kọkànlá ni mo lọ wò ó. Wọ́n ti fá a lórí. Wọ́n so ọwọ́ rẹ̀ mọ́ bẹ́ẹ̀dì torí pé ó ń da oúnjẹ nù. Ìdí rẹ̀ ti bó. Ṣùgbọ́n èyí tó burú jù ni pé nígbà tó rí mi, kò dún. Tauno tó máa ń ké bí ẹyẹ adágún, kò dún pínpín. Mo tú okùn yẹn, mo pọ̀n ọ́n, mo bá ọkọ̀ akówàrà padà sílé. Oṣù mẹ́rin ló gbà kó tó tún rẹ́rìn-ín.

O ò mọ̀, mo gbà. Ṣùgbọ́n o lè bi mí. Àlejò lo lọ bá.

Má kọ̀wé sí mi ná. Bí mo bá rí ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ lásìkò yìí, àyà mi á máa já.

Sanelma Keränen


Västerås
Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù Ẹrẹ́nà, 1974

Màámi,

Mo mọ̀ pé ẹ ní kí n má kọ̀wé. Mi ò mọ̀, Màámi. Mo fi Ọlọ́run búra, mi ò mọ̀.

Mo rántí ọjọ́ tí ẹ gbé e padà wọlé. Ọmọ ọdún méjìlá ni mí. Mo rántí pé inú bí mi pé ó ti dé, nítorí pé ní gbogbo ọjọ́ mọ́kànlá yẹn, ẹ ń jókòó di irun mi láràárọ̀, ẹ ò sì kánjú. Mo ń sọ ọ́ kí ẹ lè mọ irú ẹni tí mo jẹ́.

Mo ti kọ̀wé sí Ìyáàfin Rautio pé kó fa lẹ́tà mi ya. Mo sì ti sọ gbogbo rẹ̀ fún Rune. Ó jẹ ànàmọ́ rẹ̀ tán kó tó sọ̀rọ̀. Ó ní, "Kí ni mo ṣe tí o fi rò pé mi ò yẹ lẹ́ni tó ń gbọ́ ọ?"

Ẹ fèsì. Ọ̀rọ̀ kan péré tó.

Irja


Västerås
Ọjọ́ karùn-ún, oṣù Igbe, 1974

Màámi,

Mo ń wo àpótí lẹ́tà láàárọ̀, mo ń wò ó nírọ̀lẹ́. Obìnrin tó ń pín lẹ́tà ti ń káàánú mi. Láti òkèèrè ló ti máa ń mi orí kí n má bàa yọ ara mi lẹ́nu. Bí ẹ bá fẹ́ bú mi, ẹ bú mi. Èébú sàn ju báyìí lọ.

Irja


WÁYÀ LÁTI RUOKOVAARA, ỌJỌ́ KẸTÀDÍNLÓGÚN, OṢÙ IGBE

ÌYÁ RẸ ṢUBÚ LÓRÍ YÌNYÍN LẸ́BÀÁ KÀNGA. EGUNGUN ÌBÀDÍ ṢẸ́. Ó WÀ LỌ́SÍBÍTÙ. TAUNO WÀ LỌ́DỌ̀ MI. APÁ MI Ò KÁ A. ỌKỌ̀ Ọ́FÍÌSÌ FẸ́ WÁ GBÉ E. TÈTÈ MÁA BỌ̀. LEMPI.


Ruokovaara
Ọjọ́ kejìlélógún, oṣù Igbe, 1974

Màámi,

Mo wà nílé. Ọjọ́ ẹtì ni mo dé. Mo bá Lempi tó jókòó ti Tauno, àwọn méjèèjì ń sunkún. Lempi ní, "Irja, ọmọ mẹ́fà ni mo tọ́, ṣùgbọ́n eléyìí ju ọgbọ́n mi lọ." Pákó tí a fi ń wọ́ igi ìdáná lórí yìnyín ni mo fi wọ́ ọ délé.

Nọ́ọ̀sì sọ lórí fóònù ṣọ́ọ̀bù pé wọ́n ti to egungun yín, pé ẹ ò ní kú. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín àpò ìyẹ̀fun, mo sunkún.

Ìyáàfin Rautio ti wá. Ó fún mi di ọjọ́ ìṣẹ́gun tó ń bọ̀. Ó ní bí òun bá bá a láìjẹun, ọkọ̀ á gbé e lọ, pé òfin ni. Mo ní mi ò fara mọ́ ọn. Ó wò mí, ó ní, "Ṣebí ìwọ náà lo kọ̀wé sí wa."

Kò jẹun, Màámi. Wàrà díẹ̀ ló ń mu, ó sì ń tu èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ dànù. Tí mo bá gbé ṣíbí wá, á deyín mọ́ra. Lánàá mo fipá là á lẹ́nu, ó gé mi níka jẹ, mo sì gbá a létí. Mo gbá a, Màámi. Ó wò mí, kò dún. Ìgbà yẹn ni mo rántí ohun tí ẹ kọ sí mi nípa bẹ́ẹ̀dì yẹn.

Mo mọ̀ pé ẹ̀ ń bínú sí mi. Ẹ bá mi fi ìbínú yẹn di ọ̀la. Lónìí, ẹ sọ bí ẹ ti máa ń ṣe é fún mi.

Irja


Ilé ìwòsàn
Ọjọ́ kẹrìnlélógún, oṣù Igbe, 1974

Irja,

Ìdùbúlẹ̀ ni mo wà kọ ọ́, má wo bí ọwọ́ ṣe rí. Nọ́ọ̀sì ní kí n sinmi. Mo ní kó lọ mú bébà wá, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ màá bọ́ sílẹ̀.

Má dúró níwájú rẹ̀ bí ọlọ́pàá. Jókòó sápá ọ̀tún, kí èjìká yín kan ara. Kí ògì lọ́ wọ́ọ́rọ́. Kọ́kọ́ fi sí ètè ara rẹ kó rí i, torí ètè ló máa ń wò, kì í wo ṣíbí. Lẹ́yìn náà, kí o kùn bí ẹni pé ó dùn mọ́ ọ. Má là á lẹ́nu láéláé. Fi ìka méjì ra á lẹ́rẹ̀kẹ́ díẹ̀díẹ̀, òun fúnra rẹ̀ á yanu. Bó bá gbé e mì, ka oókan dé ẹẹ́wàá kí o tó fún un ní òmíràn. Bí o bá kánjú tó sì dà á nù, ìwọ lo jẹ̀bi.

Tí ẹ bá fẹ́ wẹ̀ ní sáúnà, má jẹ́ kí ooru ilé ìwẹ̀ náà pọ̀ jù, ṣílẹ̀kùn díẹ̀. Jókòó sílẹ̀, gbé e sítan, kí orí rẹ̀ wà lábẹ́ àgbọ̀n rẹ. Ìwọ náà á tutù, ìwọ náà á dọ̀tí, kò sọ́nà mìíràn. Wẹ àárín ìka ẹsẹ̀ rẹ̀. Má fi ọṣẹ kan ìdí rẹ̀, omi nìkan ni, kí o wá fi ọ̀rá inú agolo kọfí tó wà lórí pẹpẹ pa á. Máa yí i kí egbò má bàa yọ. Èmi kì í wo aago, rédíò ni mo fi ń ṣàmì: bí wọ́n bá ti ń ka ìròyìn, mo ti ń yí i.

Bí gìrì bá dé, apá òsì. Má ki nǹkan kan bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Máa pe orúkọ rẹ̀ títí yóò fi padà wá. Á tọ̀ sára. Má jẹ́ kó rí i lójú rẹ pé ó ṣe nǹkan.

Bó bá ń ké tí o ò mọ ohun tó ń ṣe é, wo inú ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀. Òwú kan wà níbẹ̀ tó máa ń há mọ́ ọmọńdinrín ìka ẹsẹ̀ rẹ̀. Mi ò mọ ìbọ̀sẹ̀ hun, ìwọ náà mọ̀.

O gbá a létí. Èmi náà ti gbá a rí. Fi ìyẹn sílẹ̀, lọ se ògì.

Ìyá rẹ


Ruokovaara
Ọjọ́ kìíní, oṣù Èbìbí, 1974

Màámi,

Ó jẹun!

Ọjọ́ àbámẹ́ta ni lẹ́tà yín dé. Mo jókòó sápá ọ̀tún, mo fi ògì pa ètè, mo ń kùn bí òmùgọ̀. Ó wo ètè mi. Ó wò ó títí. Mo ra á lẹ́rẹ̀kẹ́, ó yanu. Ìdajì àwo gba wákàtí kan àti ààbọ̀, ìdajì tó kù wà lára irun mi di bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí.

Lọ́jọ́ àìkú, Rune dé. Kò sọ fún mi tẹ́lẹ̀. Ó wọlé pẹ̀lú bàtà ìgboro rẹ̀, ó na ọwọ́ sí Tauno láti kí i, Tauno sì bì sí i láyà kóòtù. Rune yí padà, ó jáde. Mo gbọ́ tí òun náà ń bì lẹ́yìn ilé. Mo sọ lọ́kàn mi pé, ó tán, ó ti lọ nìyẹn. Ó pẹ́ díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wọlé pẹ̀lú ojú pípọ́n tó ti fi yìnyín fọ̀, ó ní, "Ibo ni kí n dì mú?" Mo ní, "Ẹsẹ̀." Ó di ẹsẹ̀ mú. Lempi wá wò ó, ó bi í bóyá ó mọ ẹja pa, mo túmọ̀ rẹ̀ fún un, ó ní òun ò mọ̀ ọ́n. Lempi mi orí, ó ní, "Ó kù díẹ̀ káàtó."

Lánàá ni Ìyáàfin Rautio wá. Kò tíì jókòó tí gìrì fi gbé Tauno. Mo yí i sí òsì. Mo ń pe orúkọ rẹ̀, mo ń pè é, mi ò mọ iye ìgbà. Ètè rẹ̀ dúdú, Màámi, mo rò pé ó ti lọ. Nígbà tó mí kanlẹ̀ tó padà wá, ó tọ̀ sí èmi àti òun lára, mo sì rẹ́rìn-ín sí i bí ẹ ti wí. Nígbà tí mo gbójú sókè, Ìyáàfin Rautio ti bọ́ kóòtù, ó gbé korobá omi dúró tì mí.

Ó ní, "Ta ló kọ́ ọ?"

Mo ní, "Ìyá mi ni."

Ó gbé korobá sílẹ̀, ó jókòó. Ó ní, "Kò ní bá mi lọ. Ṣùgbọ́n ìyá rẹ ò tún lè gbé e mọ́, Irja. Ìwọ náà mọ̀." Mo mọ̀. Kí la máa ṣe?

Irja


Ilé ìwòsàn
Ọjọ́ kẹfà, oṣù Èbìbí, 1974

Irja ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí Rune oníbàtà ìgboro. Ẹni tó bì tó sì padà wọlé, jẹ́ kí Lempi fi tiẹ̀ sílẹ̀, a lè kọ́ ọ ní ẹja pípa.

Dókítà ní mi ò gbọdọ̀ gbé ohun tó bá wúwo ju ìgò wàrà lọ mọ́. Ó sọ ọ́ bí ẹni ń sọ̀rọ̀ ojú ọjọ́. Mi ò tíì mọ ohun tí a máa ṣe.

Ohun kan wà níkùn mi tí mi ò lè sọ fún àlùfáà. Ọjọ́ kejì tí mo dé ibí, mo sùn fún wákàtí mẹ́rìnlá. Ẹnikẹ́ni ò pè mí. Wọ́n gbé oúnjẹ wá, mo jẹ ẹ́ nígbà tó gbóná. Irja, ọdún mọ́kàndínlógún rèé tí mo ti jẹ oúnjẹ gbígbóná kẹ́yìn. Tauno wà nílé Lempi, ó ń deyín mọ́ra, èmi ń jẹ ànàmọ́ gbígbóná, inú mi sì ń dùn. Ṣé bí ìyá ṣe ń ṣe nìyẹn?

Ìdí tí mi ò fi fèsì sí àwọn lẹ́tà rẹ nìyí. Ohun tí mo fi pa mọ́ fún ara mi lo kọ ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì, pé ó ti rẹ̀ mí. Ó sì dùn mí ju irọ́ lọ.

Ní ti ewì yẹn, mo gbọ́ ọ. Abẹ́ fèrèsé ilé ìwé ni mo gbé e dúró sí, pẹ̀lú òórùn, pẹ̀lú gbogbo ẹ̀, títí o fi kà á tán. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni mo tó lọ sí adágún. Ohùn rẹ já lẹ́ẹ̀kan nítòsí ìparí, o sì gbé e padà. Ó yẹ kí n ti sọ fún ọ. Mo rò pé o mọ̀.

Ìyá rẹ


Ruokovaara
Ọjọ́ kẹtàlá, oṣù Èbìbí, 1974

Màámi,

Mo ka ibi fèrèsé yẹn sókè fún Tauno. Mi ò lè kà á dé òpin.

Ẹ bi mí bóyá bí ìyá ṣe ń ṣe nìyẹn. Ẹ gbọ́ tèmi. Ọjọ́ kejì tí Rune padà síbi iṣẹ́, òjò dídì ń rọ̀, Tauno ti ya ìgbẹ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta kí ọ̀sán tó pọ́n. Nígbà tó sùn, mo gbé àpò mi. Mi ò gbèrò rẹ̀. Ọwọ́ mi ló gbé e. Mo rìn dé ojú títì. Ọkọ̀ kan dẹ eré, ọkùnrin inú rẹ̀ ní, "Ṣé ò ń lọ ni?" Mo fà sẹ́yìn kúrò létí títì. Ó lọ. Mo sáré padà. Tauno ti jí, ó ti fi ìgbẹ́ kun ògiri dé ibi tí ọwọ́ rẹ̀ gùn mọ. Mo jókòó sílẹ̀, mo sunkún, mo rẹ́rìn-ín, mo pọn omi, mo fọ̀ ọ́. Mi ò sọ fún Rune. Ẹ̀yin nìkan ni.

Ní ti ohun tí a máa ṣe: Ìyáàfin Rautio ti bá àwọn ọ̀gá rẹ̀ jà. Obìnrin kan á máa wá lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ láti wẹ̀ ẹ́ àti láti gbé e. Wọ́n á fa omi wọlé kí ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tó parí. Ní gbogbo oṣù Agẹmọ, èmi á máa wá dúró, ẹ̀yin á lọ sùn níbi tó bá wù yín. Ìyẹn ò tó. Mo mọ̀ pé kò tó. Ọjọ́ kan ń bọ̀ tí kò ní tó rárá, ọjọ́ náà a ó jọ sọ̀rọ̀ rẹ̀, èmi àti ẹ̀yin. Mi ò ní bá àlejò sọ ọ́ mọ́.

A ti sún ìgbéyàwó sí oṣù Ògún, ní ṣọ́ọ̀ṣì wa níbí. Tauno á jókòó níwájú. Bó bá ṣe é sára, àlùfáà á dúró, a ó pààrọ̀ rẹ̀, a ó sì máa bá a lọ.

Ọmọ yín,
Irja


Ruokovaara
Ogúnjọ́, oṣù Òkúdù, 1974

Irja ọmọ mi,

Mo kí ọ láti orí àga tí Rune kàn fún mi kí ẹ tó padà sí Sweden. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrú, mo fi bébà sí i lábẹ́. Mansikki ti bí abo. Ẹ̀ẹ̀rùn ti dé, oòrùn kì í wọ̀ mọ́ lóru, ẹ̀fọn sì ń jẹ wá bí gbèsè.

Obìnrin tí wọ́n rán wá ń jẹ́ Raili. Egungun rẹ̀ le, ohùn orin rẹ̀ kò dára. Lọ́jọ́ kìíní, Tauno tu ògì sí i lójú. Ó nu ojú, ó ní, "Ó dáa, a ti mọra." Mi ò fẹ́ràn rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Mo dúró tì í, mo ń sọ fún un pé apá ọ̀tún, pé ètè, pé kó kùn. Ó ní, "Ìyá, ẹ jáde." Mo jáde. Mi ò mọ ohun tí mo máa fi ọwọ́ mi ṣe. Mo lọ jókòó létí adágún, oorun sì gbé mi lọ lórí òkúta, ẹnu mi là sílẹ̀. Lempi ló wá fi aṣọ bò mí. Nígbà tí mo wọlé, wọ́n ti jẹun tán, Tauno sì wò mí bí ẹni tí kò tilẹ̀ wá mi. Ó dùn mí díẹ̀. Lẹ́yìn náà mo jẹ ẹja tèmi, ó gbóná.

O ní o gbé àpò dé ojú títì, o sì rò pé kò sẹ́ni tó ṣe irú ẹ̀ rí. Ohun tí mo fẹ́ kọ yìí, Lempi pàápàá ò gbọdọ̀ gbọ́ ọ. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo ti dé ojú títì yẹn. Ní ẹ̀ẹ̀kẹrin, mo wọ bọ́ọ̀sì. O wà nílé ìwé, Tauno ń sùn, ó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Mo jókòó sẹ́yìn, mo gbé àpò lé orókùn. Awakọ̀ ń wò mí nínú dígí rẹ̀. Kò bi mí ní nǹkan kan. Nígbà tó ṣe, ó dá ọkọ̀ dúró láàárín igbó níbi tí kò sí èrò, kò sí ilé, ó ṣílẹ̀kùn, kò sì wẹ̀yìn. Ó kàn dúró. Mo sọ̀ kalẹ̀. Kìlómítà mẹ́ta ni mo fẹsẹ̀ rìn padà.

Ó ti jí nígbà tí mo dé. Ó gbọ́ ẹsẹ̀ mi lẹ́nu ọ̀nà, ó sì ké bó ṣe máa ń ké bí mo bá ti ilé màlúù bọ̀. Kò mọ̀ pé mo lọ. Ó rò pé wàrà ni mo lọ fún.

Mo bá gbé àpò kọ́, mo mú korobá, mo lọ fún wàrà náà.

Ìyá rẹ